Bàtà Pupa Kan Láti Inú Àpótí Bàbá Rẹ

Boundary, Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ Ajé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ tán.

Fúnmiláyọ̀ mi, Àṣàkẹ́ ọkọ mi,

Mo gbọ́ pé ẹ ti dé Kálábà, pé ilé tí wọ́n fún yín ní bárékè ní fèrèsé mẹ́ta, pé omi ń yọ ní ẹ̀rọ. Mo dúpẹ́. Bàbá rẹ náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní kọ́kọ́rọ́ tó dáa. O kúkú mọ̀ ọ́n.

Mi ò fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, wàá ní, "Màmi, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ o ò gbọ́ nǹkan kan. O ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìwé lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ Kúnlé ọkọ rẹ tó ń padà sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́bọ̀ ló máa mú un wá, pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan. Má tíì ṣí àpò yẹn o. Mo mọ̀ ọ́, o ti ṣí i. Ó dáa, gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ ná, kí o ka lẹ́tà yìí dópin.

Ara mi fúyẹ́, ọmọ mi. Ọkọ rẹ ti ojú omi dé, ọwọ́ rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ẹ sì ti jọ lọ. Nígbà tí o dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi fún ọjọ́ méjì, tí o ń sọ pé, "Màmi, mi ò lè ṣe é mọ́, kí Kúnlé lọ fẹ́ ẹlòmíràn tí àyà rẹ̀ le," ṣe ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀ ní pálọ̀. Mò ń sọ fún ọ pé kí o jẹun, èmi náà ò lè gbé oúnjẹ mì. Ní báyìí mò ń sùn dáadáa. Mo tilẹ̀ sùn gbàgbé ìsìn ìdájí lánàá, bàbá rẹ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà ní mo purọ́ mọ́ ọ. Kúnlé ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lójú omi nínú ọkọ̀ ogun wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ńbà kan tí o ò mọ̀ pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. O sọ fún ara rẹ pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ń pè láti wá túfọ̀ fún ọ. O pa fóònù, o di aṣọ méjì, o bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, o wá bá mi ní Boundary. Bẹ́ẹ̀, Kúnlé fúnra rẹ̀ ni! Fóònù tirẹ̀ ló já bọ́ sínú òkun, ó yá ti ẹlòmíràn kó lè sọ fún ọ pé ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀ sí Apapa ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó wà ní Apapa níbí, tí kẹ̀kẹ́ kan péré lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìwọ ń sunkún òkú rẹ̀.

Nígbà tí ó wá ọ dé ọ̀dọ̀ wa, o yọjú lójú fèrèsé, o rí aṣọ funfun àti fìlà funfun, o rò pé ọ̀gá rẹ̀ ló wá túfọ̀, o ò wo ojú tó wà lábẹ́ fìlà. O kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó ka ìwé! Bàbá rẹ ṣílẹ̀kùn, Kúnlé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kúulé, sà. Ṣé Fúnmi wà níbí?" Ìgbà tí o gbóhùn rẹ̀ lo jáde pẹ̀lú eruku lórí, o sì so mọ́ ọn lọ́rùn. Ó bi ọ́ pé kí ló ṣe fóònù rẹ. O ní, "Ó bọ́ sómi, kò tàn mọ́." Kúnlé ní, "Ẹ̀yà, tèmi náà bọ́ sómi." Èmi kàn ń wo àjà ilé.

Irọ́ yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo ní ìmọ̀ràn kéékèèké mìíràn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ wọ́n kúrò lọ́nà.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ omi. Ìwọ ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà tí wọ́n fi bàbá rẹ ṣe sájẹ́ǹtì. Orí mi wú! Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ibi ẹ̀rọ, mo rí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ kọ́púrù, mo ní kó sún tirẹ̀ kúrò, pé ìyàwó sájẹ́ǹtì fẹ́ pọnmi. Wọn ò bá mi jà. Gbogbo wọn sún bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, mo pọnmi mi, mo lọ. Láti ọjọ́ náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sẹ́ni tó kí mi ní búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí gìrì wá mú ọ, tí mo ń pariwo, ta ló gbé ọ sáré láìwọ bàtà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì? Ìyàwó kọ́púrù yẹn náà ni, Mama Ufuoma. Àṣàkẹ́, ara aṣọ Kúnlé ni ipò rẹ̀ wà, kò sí lára ìró rẹ. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí o mọ orúkọ obìnrin tó wà lọ́tùn-ún rẹ àti èyí tó wà lósì, kí o mọ orúkọ ọmọ wọn. Kí o kọ́kọ́ kí wọn.

Ìkejì, ọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ ti ibi iṣẹ́ jìnnà dé, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wọ́n lọ́fínńdà sí i. Ó wọlé, ó jẹun, ó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ó sùn lọ fọnfọn. Ọ̀sán gangan! Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Mo di gèlè, ó di ọ̀dọ̀ ìyá mi, mo ní ọkọ mi ti ní ẹlòmíràn, kò fẹ́ fara kan bẹ́ẹ̀dì mi mọ́. Ìyá mi ránṣẹ́ pè é, wọ́n bi í léèrè. Ojú ti ọkùnrin náà, ó ní, "Màmá, ẹ̀yìn ló ń dùn mí tí ibi tí mo sùn bá ti rọ̀. Ilẹ̀ ni mo ti ń sùn láti oṣù márùn-ún." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Tí Kúnlé bá fẹ́ sun ilẹ̀, jẹ́ kó sùn. Tó bá ń fi ojú ọ̀gá wo bí o ṣe to bàtà, tó ń gbé ìkòkò kúrò níbi tí o gbé e sí, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí o tó bínú. Kò mọ ibi tí ṣíbí wà ní ilé ara rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú.

Mo ní ìkẹta, mo ti gbàgbé ẹ̀. Ó máa padà wá.

Ṣé o rántí àsíá? Lójoojúmọ́, tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù, tí wọ́n bá fun fèrè láti sọ àsíá kalẹ̀, gbogbo ènìyàn ní bárékè gbọ́dọ̀ dúró síbi tó bá wà. Ẹni tó ń sáré á dúró, ẹni tó ń bínú á dúró. O ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, o mú àkàrà lọ́wọ́ nígbà tí fèrè dún. Ewúrẹ́ Mama Ufuoma bọ́ síwájú rẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àkàrà náà lọ́wọ́ rẹ. O ò mira. Omijé ń dà lójú rẹ, o dúró gbagidi bí sójà títí ewúrẹ́ fi jẹ ẹ́ tán. Bàbá rẹ gbé ọ sókè níṣojú gbogbo ayé, ó ní, "Ọmọ mi nìyí!" Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé wàhálà nìkan kọ́ ló wà ní bárékè. A rẹ́rìn-ín púpọ̀ níbẹ̀.

Mo ti rántí ìkẹta: má jẹ́ kí Kúnlé kúrò nílé láìjẹ́ pé ẹ ti bá ara yín sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ò nílò àlàyé.

Ó wá ku èyí tó jẹ mí lógún. Jókòó, jọ̀ọ́.

Ní bárékè wa nígbà náà, gbogbo ìyàwó sójà ló mọ òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Tí ọ̀gá bá dá wá sí búlọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló bá wá. Tí pásítọ̀ tàbí ìmáàmù bá dá wá, aláìsàn ló wá kí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá àti pásítọ̀ bá jọ sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù kan náà, tí wọ́n ń wo nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, ẹnì kan ti di opó nìyẹn. Kálukú wa á wọlé, á tilẹ̀kùn, á máa fetí sí ìró bàtà wọn. Tí wọ́n bá kọjá ẹnu ọ̀nà tìẹ, wàá dúpẹ́, ojú á sì tún tì ọ́ pé o dúpẹ́, torí ilé ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n ń lọ.

O ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Wọ́n rán bàbá rẹ lọ parí ìjà nílẹ̀ òkèèrè, ó ti lo oṣù méje. Kó tó lọ, ó ra bàtà pupa kan fún ọ, ó tóbi jù ọ́ lọ, ó ní kó tó bá ọ lẹ́sẹ̀ mu òun á ti dé. Ìwọ ò gbà. Ojoojúmọ́ lò ń wọ̀ ọ́, mo máa ń ki àkísà bọ iwájú ẹ̀ kó má baà bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọṣẹ kún ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Mo gbọ́ jíìpù. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀. Pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó mú Bíbélì lọ́wọ́. Wọ́n wo ìwé pélébé kan, wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀kùn wa. Fúnmi, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ọ. Ihò kan wà lára ògiri lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni mo gbà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pè lẹ́yìn mi pé, "Màdáámù! Màdáámù, ẹ dúró!" Mo túbọ̀ sáré ni. Ẹsẹ̀ rẹ há mọ́ ẹnu ihò yẹn, bàtà kan bọ́. O ń ké pé, "Bàtà mi! Màmi, bàtà mi!" Mi ò wẹ̀yìn.

O ti ń bi mí láti kékeré pé níbo ni bàtà pupa rẹ kejì wọlé sí, mo sì máa ń sọ fún ọ pé ewúrẹ́ ló gbé e lọ. Kò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Èmi ni.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣadé, àbúrò ìyá mi, ní Amukoko ni mo sá lọ. Mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Wọ́n ní, "O wá kí mi pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́?" Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tí wọn ò bá rí mi sọ fún, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi á ṣì wà láàyè níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá Àǹtí gbálẹ̀, tí mò ń rẹ́rìn-ín lójú, tí mò ń kú lọ nínú.

Ọjọ́ kẹta, Mama Ufuoma yọ lójijì, ó ti ń wá mi kiri gbogbo ilé tó mọ̀ pé mo ní ènìyàn. Ó na ọwọ́ sí mi láti òpópónà. "Iya Funmi! So na here you hide? Your husband dey hospital since, e dey ask of you. E no die o! Na leg e wound!"

Bàbá rẹ ò kú, ẹsẹ̀ ló fi gbọgbẹ́! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà. Mo bú sẹ́kún, mo bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará àdúgbò rò pé mo ti ya wèrè.

Ṣé o rí i? Ọ̀gá yẹn wá fi jíìpù gbé mi lọ sí ọsibítù tí wọ́n gbé bàbá rẹ sí nígbà tí wọ́n gbé e padà dé láti òkèèrè ni. Pásítọ̀ ń lọ gbàdúrà fún àwọn tó fara gbọgbẹ́, ó bá a wọkọ̀. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀! Ká ní mo dúró, mi ò bá ti di ọwọ́ ọkọ mi mú kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọjọ́ kejì ni àwọn dókítà ń jiròrò bóyá wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn, ó sì dá nìkan gbọ́ ọ. Ọlọ́run ló ṣe é, wọn ò gé e. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí mo wọlé sí ọsibítù, ó wò mí, ó ní, "Níbo lo wà?" Ojú tì mí. Báwo ni màá ṣe sọ fún sójà pé mo sá? Mo ní, "Àǹtí Ṣadé ni, ibà ló dá wọn wó, mo lọ tọ́jú wọn." Ó ní, "Háà, ó mà ṣe o. Ṣé ara wọn ti yá?" Mo ní ó ti ń yá.

Àṣàkẹ́, irọ́ kékeré yẹn jẹ ẹ̀mí mi. Mo rò pé ọkùnrin yìí gbà pé mo gbọ́ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, pé mo sá torí mi ò fẹ́ fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Tó bá dákẹ́ nírọ̀lẹ́, màá ní ohun tó ń rò nìyẹn. Tí kò bá jẹun tán, màá ní ìyẹn náà ni. Mi ò sì lè sọ òótọ́ mọ́, torí màá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mo purọ́ fún un lórí ibùsùn àìsàn. Èyí tó tún burú ni pé gbogbo ìgbà tí Àǹtí Ṣadé bá ti wá sílé wa, bàbá rẹ á ní, "Ẹ kú ewu ibà yẹn o, Àǹtí." Àǹtí á ní, "Ibà wo?" Èmi á yára pe ẹnì kan, èmi á da omi nù, èmi á ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe kí ọ̀rọ̀ náà lè kọjá. Ọdún mẹ́rìnlélógún!

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìgbà tí Kúnlé mú ọ lọ, bàbá rẹ dé láti Tin Can níbi tó ti ń bá wọn ṣọ́ ọgbà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Mo ní, "Bàbá Fúnmi, kí ló mú kí ọmọ yìí máa purọ́ fún ọkọ rẹ̀ lójúkorojú báyìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ lò ń bi mí? Ta ló kọ́ ọmọ náà?"

Mo wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ tán: jíìpù, ihò ògiri, Amukoko, àti ibà tí kò sí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó dìde, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí dúdú rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí lára. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí àpótí yẹn nínú ilé wa, èmi náà ò ṣí i rí. Ó gbé yúnífọ́ọ̀mù kúrò, ó gbé ìwé kúrò. Ó mú bàtà pupa kékeré kan jáde, àkísà tí mo kì bọ iwájú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní, "Pásítọ̀ ló gbé e wá fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní, 'Sájẹ́ǹtì, ìyàwó rẹ rí wa, ó sá kó tó gbọ́ ohun tí a bá wá. A pè é títí, kò dúró. Bàtà ọmọ rẹ nìyí.'"

Mo ní, "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ wá ń bi mí nípa ibà Àǹtí?"

Ó ní, "Mò ń retí kí o sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ ni." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi bàtà yẹn sí nígbà tí wọ́n ń sọ pé wọ́n máa gé mi lẹ́sẹ̀. Mo ní obìnrin tó lè sáré tó báyìí torí kó má baà gbọ́ pé mo kú, mi ò ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́."

Mo sunkún, mo sì bú u. Mo ní ìkà ni. Lẹ́yìn náà mo se ẹ̀bà, ó jẹ ẹ́ tán, mo sì ń wo bó ṣe ń jẹ ẹ́, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tí Kúnlé wá, nígbà tí o wọ yàrá lọ kó aṣọ rẹ, fóònù rẹ wà lórí tábìlì ní pálọ̀, ó gbẹ, ó ń dán. Kúnlé gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó pa á padà, ó fi aṣọ ìnujú nù ún, ó gbé e síbi tó wà. Ó wò mí, èmi ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tọ́jú Fúnmi."

Ó mọ̀, ọmọ mi. Òun náà ti ń retí. Má jẹ́ kó retí ọdún mẹ́rìnlélógún. Sọ fún un pé ẹ̀rù bà ọ́, pé o pa fóònù torí o ò fẹ́ gbọ́ ohun tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jọ ṣe àdéhùn bí ẹ ó ṣe máa ránṣẹ́ síra yín, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá pè, ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn, wàá dáhùn. Ìròyìn ayọ̀ náà máa ń kanlẹ̀kùn. Èmi ni mo sá fún tèmi.

Ó yá, ṣí àpò ọ̀rá yẹn wàyí. Bàtà rẹ nìyẹn. Bàbá rẹ ló ní kí n fi ránṣẹ́, ó ní iṣẹ́ tòun ti parí lára ẹ̀. Ó ní kí o gbé e sórí tábìlì níbi tí Kúnlé á ti kọ́kọ́ rí i tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dájú pé á bi ọ́ pé bàtà ta nìyí, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan.

Kí o dá a lóhùn.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó sá, tó sì padà dé.